Páálí Tí Múrítàlá Gbé Wá

Ìyá Kúnbi kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Níbi ìdáná tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò nínú ilé wọn ní Ìsọlọ̀ ni ó ti là á mọ́lẹ̀ pé aláàárù pápákọ̀ òfuurufú ni Fàósátù ẹlẹ́kọ fẹ́ fi ọmọ fún. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há Fàósátù lọ́fun bí eegun ẹja. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì pe ọmọkùnrin náà ní àna rí.

Nítorí náà, nígbà tí Múrítàlá, àfẹ́sọ́nà Ìsíátù ọmọ rẹ̀, wọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan pẹ̀lú páálí tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ká, orí Fàósátù wú. Ọdún tí owó Údòjí, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ni; ẹni tí kò bá ra nǹkan òyìnbó lọ́dún náà, àfi bí ara rẹ̀ kò bá yá. Múrítàlá dọ̀bálẹ̀, ó ní bísíkíìtì ni, láti ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Èkó. Ẹlòmíràn ìbá kọ́kọ́ gbé e wọ yàrá, kí ó yọjú wo inú rẹ̀. Fàósátù kò ní sùúrù yẹn. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo èèyàn méjìlélógún tí ó wà nílé kí wọ́n wá gba tiwọn, àgàgà Ìyá Kúnbi.

Wọ́n fi ọ̀bẹ ya páálí. Páálí mìíràn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Wọ́n ya ìyẹn náà, wọ́n bá ìwé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń fà á bí ẹni ń tú láwàní. Lẹ́yìn ìwé, agolo. Nínú agolo, ọ̀rá. Nínú ọ̀rá ni bísíkíìtì wà, ìkọ̀ọ̀kan nínú ìwé wúrà tirẹ̀, lórí ibùsùn tirẹ̀. Méjìlá péré ni.

Pàǹtí ti gba gbogbo àgbàlá débi pé adìẹ kò rí ọ̀nà kọjá. Inú bí Fàósátù dé góńgó. Ta ni orí rẹ̀ pé, tí yóò jókòó máa fi páálí di páálí? Ọdún kejìdínlógún rèé tí òun ti ń ta ẹ̀kọ. Bí oníbàárà bá tú ewé, tí ó tún bá ewé lábẹ́ ewé, ṣé kò ní fa òun láṣọ ya lọ́jà?

Ìyá Kúnbi gbé agolo, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá Ìsíátù, ṣé bí ọkọ náà ṣe máa rí nìyí? Òde ńlá, inú òfìfo."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fàósátù yíjú sí Múrítàlá, èébú ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń ka bísíkíìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́ta ni ó fi gbé ẹrù olówó láìjẹun ọ̀sán kí ó tó rí i rà. Ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa ni. Èmi náà ò rí inú ẹ̀."

Ìbínú Fàósátù kò mọ ibi tí yóò bà sí mọ́. Àwọn tí ó tọ́ sí wà lókè òkun, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Ìsọlọ̀. Ó mú bísíkíìtì kan, ó gé e jẹ. Bíi páálí ni ó rí lẹ́nu. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé e mì.

"Dìde, àna mi," ó ní. "Ó dùn."

Ó ṣẹ́ mọ́kànlá tí ó kù sí méjì-méjì. Ìyá Kúnbi ni ó kọ́kọ́ fún. Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tí ó sì kí Múrítàlá pé ó ṣeun.