Téèpù Ìyá Tóbi

"Lọ́jọ́ Ajé! Aago mẹ́jọ òwúrọ̀! Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní tún un sọ!" Ohùn Ògúnkànmí ti gba gbogbo àdúgbò, ajá ilé kejì ti ń bá a gbó. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n jókòó sílé bí àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́! Ta ló ń jókòó sínú ilé kọ́ nǹkan?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bùrọ̀dá," Ọmọ́títí dá a lóhùn, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Ṣebí bàbá yín ló kọ́ yín ní iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìkirè, nínú ilé. Àbí iléèwé wo lẹ lọ?"

"Ìyàwó, má fẹnu gún mi o!"

"Ẹnu kọ́, Bùrọ̀dá mi. Ìbéèrè ni."

Sámúẹ́lì, ọkọ rẹ̀, jókòó láàárín àwọn méjèèjì, ó ń wo bàtà rẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti ń pàṣẹ fún un, kò sì tíì sí ọjọ́ tó gbójú sókè sọ pé rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ti gbà fún un: bí Ògúnkànmí bá dán àwọn ọmọ wò, tí kò sì rí ẹ̀rí pé wọ́n ń kọ́ nǹkan, iléèwé yá. Òní lọjọ́ ìdánwò.

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti kó wá sí Ìbàfò, tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò da owó ra pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì pín in ní méjì ọgbọọgba. Láti ìgbà náà ni Ọmọ́títí ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, ìwé yá. Bí aago mẹ́wàá bá lù, wọ́n á kó wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Bọ́tìnnì ni Jésùlayọ̀mi, èyí àbúrò tí wọ́n ń pè ní Láyọ̀, fi mọ̀ ọ́n kà dé ọgọ́rùn-ún. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n ń ṣa òkúta rẹ̀ ni Tóbi fi mọ ìdajì àti ìdá mẹ́rin. Téèpù ìyá wọn sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ti wọn ewúrẹ́ Ìyá Wòsílátù, aládùúgbò wọn, láti imú dé ìrù. Wọ́n ti wọn bàbá wọn níbi tó gbé ń hanrun.

Ṣùgbọ́n Ògúnkànmí, tí àwọn ọmọ ń pè ní Dádì Àgbà, ti ra aṣọ iléèwé méjì níléèwé kan ní Magboro tó bá wọn mọ ògiri yàrá ìkàwé. Ó ní kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ kí òun rí i. Wọ́n wọ̀ ọ́. Apá aṣọ bo ọwọ́ Tóbi mọ́lẹ̀. Ti Láyọ̀ ń gbálẹ̀ kiri.

"Ta ló wọn àwọn ọmọ yìí?" Ọmọ́títí béèrè.

"Èwo ni ká máa wọn ọmọ? Ojú mi yìí ni téèpù mi! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń mọlé, mi ò ra téèpù rí. Ògiri tó wà láàárín wa níta yẹn ńkọ́? Níwájú, mo ta okùn láti ààlà dé ààlà, mo ká a sí méjì, mo kan èèkàn mọ́ ibi tó ká sí. Lẹ́yìn, ṣé òjò ò ti sọ ibẹ̀ dodò? Mo dúró lórí búlọ́ọ̀kù, mo di ojú kan, mo ní ibẹ̀ yẹn ni. Ó parí! Tóbi, dìde. Ọgọ́ta, pín in sí méjì."

"Ọgbọ̀n ni, sà."

"Ẹyẹ ayékòótọ́ náà lè há ìyẹn sórí. Ọmọ iléèwé tòótọ́ máa ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tíṣà á sì máàkì í. Gbé ìwé rẹ wá!"

Ọmọ́títí dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti fún wọn níṣẹ́ pé kí wọ́n wọn gbogbo ilẹ̀ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n gbé wá láti Mowe ni kò jẹ́ kó rójú ṣí ìwé náà.

Ògúnkànmí ṣí i. Kò rí ìlà pupa kan ṣoṣo.

"Kò sí máàkì! Sámúẹ́lì, wò ó! Ẹ̀rí wo ló tún kù? Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, màá wá mú wọn."

Sámúẹ́lì tún tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Tóbi, kà á síta," ni Ọmọ́títí wí.

Tóbi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba ìwé. "'Ilẹ̀ wa. Téèpù Mọ́mì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Níwájú, ọ̀dọ̀ wa, téèpù mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ Dádì Àgbà, téèpù mẹ́fà. Lẹ́yìn…'" Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Kà á."

"'Lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wa, téèpù márùn-ún. Ọ̀dọ̀ Dádì Àgbà, téèpù méje.' Mọ́mì, mo rò pé Láyọ̀ ló jẹ́ kí ẹnu téèpù bọ́ ni, la ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Mi ò jẹ́ kó bọ́ o!" Láyọ̀ ké. "Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Ògúnkànmí já téèpù gbà lórí tábìlì, ó kọrí sẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ láti ààlà. Ọ̀kan. Méjì. Nígbà tó dé márùn-ún, orí rẹ̀ kan ògiri. Ó fo ògiri náà, ó wọ̀n ọ́n láti òdì kejì. Méje. Ó di ojú kan, ó wo ògiri náà lọ síwájú, ó wò ó padà.

"Ilẹ̀ ibí yìí rọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé ògiri yẹn ló sún."

"Ògiri tó sún, tí kò lanu, Bùrọ̀dá?"

Sámúẹ́lì sún mọ́ àwọn ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ aṣọ iléèwé lọ́rùn Láyọ̀, ó bọ́ ti Tóbi náà. Ó ká méjèèjì, ó rọra fi wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, ó wá gbójú sókè wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wá, kí wọ́n wá wó ògiri yìí. Àwọn ọmọ á mú téèpù dání."