Bẹ́ńṣì Àwọn Tí Ọlọ́run Ń Bínú Sí

Ká kọ́kọ́ mú ìwà òmùgọ̀ kúrò nílẹ̀: Màmá Abíọ́nà ló hù ú, àgbàlagbà ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́rú kan ló ti Ọjà Oil Mill dé tòun ti ebi, ló bá jókòó ti bọ́lè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun mẹ́ta, ẹja yíyan kan tó tóbi bíi bàtà sọ́jà, àti ata tó lè mú òkú sín. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó lá bébà tí wọ́n fi dì í, ó sùn lọ lọ́sàn-án gangan. Lójú oorun ló ti rí iná ńlá, obìnrin kan nínú aṣọ funfun ń pariwo láàárín rẹ̀. Nígbà tó jí, àyà rẹ̀ ń ta á, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń jó. Ẹlòmíì ì bá wá omi mu. Màmá Abíọ́nà ní ìran ni.

Nínú ìjọ wọn ní Rumuolumeni, ní Port Harcourt, ìjọ aláṣọ funfun tí àwọn ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀, àgbà aríran kì í rí iná kó dákẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dìde, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó ní Sotonye ni obìnrin inú iná náà, ó ní Ọlọ́run ń bínú sí i.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Sotonye, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kalabari, ni ohùn rẹ̀ dùn jù nínú akọrin. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ṣoṣo, Dagogo ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń kun ilé, ẹsẹ̀ méjèèjì kú mọ́ ọn lára. Omi gbé àtíbàbà tí Sotonye ti ń yan ẹja létí omi ní Iwofe lọ. Oyún oṣù márùn-ún wálẹ̀. Kí tún ni ìbínú Ọlọ́run, bí kì í bá ṣe èyí?

Àṣà wọn ni pé ẹni tí ìran ìbínú bá bọ́ sí lórí á tú àmùrè rẹ̀ lé Wòlíì Adékọ̀yà, olórí ìjọ, lọ́wọ́, á lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, á sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, àmùrè ò padà mọ́, orí bẹ́ńṣì yẹn ló máa wà. Orin tán lẹ́nu rẹ̀ nínú ìjọ náà nìyẹn.

Sotonye tú àmùrè. Kò jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ohùn tó ti ẹ̀yìn wá borí ti gbogbo àwọn tó wà níwájú, débi pé olórí akọrin ń yíjú wẹ̀yìn bí adìyẹ tí wọ́n kó lẹ́yin.

Èyí ò jẹ́ kí Màmá Abíọ́nà sinmi. Ẹni tí Ọlọ́run ń bínú sí, kí ló ń kọrin sí? Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógún, ó wé gèlè, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ sí Iwofe. Ó ní òun ń lọ gbàdúrà ni. Irọ́ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń lọ wá.

Ó bá Sotonye lábẹ́ ọ̀rá tí wọ́n na sórí igi mẹ́rin, ó ń yí ẹja lórí iná. Dagogo wà lórí àga oníke, ó ti wẹ̀, àtíkè funfun lọ́rùn rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, ó ń fi igi tín-ín-rín gún ìrù ẹja mọ́ ẹnu kó lè ká.

Sotonye kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má jókòó síbi èéfín, aṣọ yín funfun."

"Aṣọ wo ló tún funfun ní Port Harcourt yìí? Èédú tó ń bọ́ látojú ọ̀run níbí ti pa á láró. Sotonye, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Jẹ́wọ́, ọmọ mi. Kí lo ṣe?"

"Ẹ̀ṣẹ̀? Ha, ó pọ̀ o! Mo bú ìyá Dagogo lọ́jọ́ Kérésì. Mo pa ẹja àná pọ̀ mọ́ ti òní tà fún ìyàwó Wòlíì."

"You no well!" Dagogo bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti bẹ Ọlọ́run lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní torí ẹ̀ lẹsẹ̀ Dagogo ṣe kú, mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run nìyẹn, Màmá."

"Ìbínú náà ńkọ́?"

Sotonye yí ẹja kan. "Ìbínú wà. Mi ò ní kò sí. Ago ẹ̀ korò. Ṣùgbọ́n Jésù gbé e, ó mu ún, ó dorí ago kodò. Kò ṣẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kankan kù fún èmi. Ìyà tó ń jẹ mí, ìyà ni, ó sì ń dùn mí. Láàárọ̀ míì, mo máa ń sunkún sínú omi tí mo fi ń wẹ Dagogo, kó má baà mọ̀."

"I sabi," ni Dagogo sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ẹ wo iná yìí, Màmá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná jó àtíbàbà ìyá Nengi, aládùúgbò wa, kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀. Èyí náà ń jó ẹja mi, àmọ́ mo jókòó tì í, mò ń yí i. Èmi tí mo ni ẹja gan-an, mo ń gba èéfín ju ẹja lọ. Bí Ọlọ́run ṣe jókòó tì mí nìyẹn."

Màmá Abíọ́nà fi etí gèlè nu ojú. Ó ní èéfín ni.

"Kí ló dé tí o fi gbà, tí o lọ jókòó sẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin lẹ fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ mi lọ́jọ́ tí oyún wálẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá yín jà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá àgbà náà lára ju orin lọ. Dagogo wá ní, "Màmá, that vision, na which time?"

"Ọ̀sán Ọjọ́rú."

"After wetin?"

Màmá Abíọ́nà wo ẹja orí iná. "Lẹ́yìn bọ́lè."

"How many?"

"Mẹ́ta. Àti ẹja."

Dagogo rẹ́rìn-ín títí ó fi ń yọ̀ kúrò lórí àga. Àwọn obìnrin méjèèjì sáré gbá a mú, ọ̀kan lábíyá, ọ̀kan ní ṣòkòtò. Níbi tí Màmá Abíọ́nà ti fún ara mọ́ra gbé e sókè, ó só, ó dún bí aṣọ tó ya.

"Ìran míì ti dé!" ni Dagogo pariwo, ẹ̀rín sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lulẹ̀, Màmá Abíọ́nà lábẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ. Kò gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin ará, mo rí iná lóòótọ́. Inú ikùn mi ló wà. Ata ni mo jẹ, mo sì ní Ọlọ́run ló ń bínú. Obìnrin tí mo lé lọ sẹ́yìn yìí, mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó bí i, mi ò tíì ru ìdajì ẹrù ẹ̀ rí, mi ò sì tíì kọrin bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Wòlíì Adékọ̀yà mú àmùrè náà jáde. Ó nà án sí Màmá. Màmá Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ró bí igi gbígbẹ, ó so ó mọ́ Sotonye nídìí.

"Dìde, akọrin. Bọ́ síwájú."

Sotonye kò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ obìnrin tó jókòó tì í, Comfort, tó sin ọmọ méjì, tí ìran mìíràn gbé síbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ni Comfort ń wò.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Sotonye wí. "Comfort ńkọ́? Ta ló máa sọ fún un pé Ọlọ́run ò bínú sí i?"