Orí Tó Ń Yún Ìyá Mọ̀nsúrát

Orí yíyún kì í pààyàn. Tó bá ń pààyàn ni, Afusat ìyàwó Quadri ì bá ti dágbére fáyé kó tó bímọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: ohun tí kì í pani lè dójú tini gan-an. Bí ẹ̀yìn bá ń yún èèyàn, á fara ti ògiri, á rọra họ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ta ló fẹ́ máa họ orí níwájú ìyá ọkọ?

Jakande Estate ní Ìlàsàn ni tọkọtaya yìí ń gbé, lókè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í ti í fi aṣọ sísá lọ́rùn sílẹ̀. Táìsì ni Quadri ń lẹ̀ fáwọn tó ń kọ́lé lọ́nà Ajah. Kùtùkùtù ló ń jáde, tó bá fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, sìmẹ́ńtì á ti kun ìpéǹpéjú ẹ̀. Afusat ní tiẹ̀ ń ránṣọ kó tó di pé ó lóyún. Nígbà tí oyún náà wọ oṣù keje, ó lọ fi àtáṣì dirun, ó ní kí wọ́n dì í pinpin kó lè pẹ́ lórí, torí ikùn ò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ onídìrí mọ́. Irun náà pẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tó fi máa tú u, èépá funfun ti ń já bọ́ sí èjìká ẹ̀, orí sì ń yún un tàárọ̀ tọ̀sán.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìtọ́jú wo? Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ó ta á bí ata. Ó fi òróró kùn ún, ó tún fi òmíràn lé e. Ó da kẹrosíìnì sí i, ló bá di ẹni tó ń sá fún sítóòfù nínú ilé ara ẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn náà ò lọ, ó fi orí han Àǹtí Bọ̀sún tó ń gbé nísàlẹ̀. Àǹtí Bọ̀sún dúró lókèèrè, ó na ọrùn wò ó, ó káwọ́ lérí.

"Ah! Làpálàpá nìyí o, Afusat. Ó ń ràn bí iná ọyẹ́. Má jẹ́ kó kan ọmọ tó o fẹ́ bí yìí o!"

Àǹtí Bọ̀sún kì í ṣe dókítà. Aṣọ òkìrìkà ló ń tà, àmọ́ ẹnu ẹ̀ dá a lójú ju ti dókítà lọ. Afusat gbà á gbọ́, ó sì pa á mọ́ra. Kò sọ fún ẹnì kankan, kò sọ fún Quadri tí wọ́n jọ ń sùn pàápàá.

Bó ṣe bí Mọ̀nsúrát nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n fá orí ọmọ náà bí àwọn mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe. Orí náà ń dán, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sí nǹkan kan tó bò ó. Gbogbo àlejò ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń ṣàdúrà sí i. Ìyá tó bí i nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé, tí nǹkan orí òun yìí bá ran ọmọ òun ńkọ́? Ọmọbìnrin sì ni.

Látọjọ́ yẹn ló ti ń gbé ọmọ ẹ̀ jìnnà sí orí ara ẹ̀. Tó bá fẹ́ fún un lọ́mú, á tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí, á wá yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń wojú ọ̀nà. Tí ọmọ bá ń sunkún, orí ẹsẹ̀ ló ti máa ń mì í, kì í gbé e lé èjìká. Ó ń wù ú o. Ó ń wù ú débi pé tó bá ti gbọ́ ohùn ọmọ náà, ọmú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán fúnra ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì lágbára ju òun alára lọ.

Ìyá Quadri ti dé láti Ẹdẹ lásìkò yìí láti wá wẹ ọmọ. Obìnrin gíga ni wọ́n, ọwọ́ wọn le, ẹnu wọn dùn, àmọ́ tí wọ́n bá pàṣẹ, wọ́n ti pàṣẹ nìyẹn. Àṣẹ tí wọ́n kọ́kọ́ pa ni pé abiyamọ ò gbọdọ̀ ṣí orí sílẹ̀.

"Òtútù tó bá gba orí abiyamọ wọlé," wọ́n ní, "ọjọ́ ogbó ló máa tó jáde."

Nítorí náà, bí Afusat bá ti wẹ omi gbígbóná tán láàárọ̀, tí omi ṣì ń kán tótó nírun ẹ̀, Màmá á ti fa fìlà òwú dé e lórí, wọ́n á tún fi gèlè gbà á pinpin. Nínú ooru Ìlàsàn! Orí á máa yún lábẹ́ fìlà, á máa gbóná, á máa ta á. Kò lè họ ọ́, kò lè ṣí i. Á kàn máa fàtẹ́lẹwọ́ gbá a, pà, pà, pà.

"Ìyàwó mi, kí lò ń lu orí sí?" Màmá bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò sí nǹkan, Mà. Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn wo ló gboyà tó bẹ́ẹ̀, tó ń gba inú fìlà òwú wọlé?"

Afusat kàn rẹ́rìn-ín. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Màmá ń wo ohun tó ju ẹ̀fọn lọ. Wọ́n ti bímọ, wọ́n ti wẹ ọmọ ọmọ, wọ́n mọ bí ìyá ṣe máa ń gbé ọmọ ẹ̀. Wọ́n rí i pé ìyàwó yìí kì í gbé tiẹ̀ mọ́ àyà, kì í fẹnu kàn án lórí, kì í fimú ra á lọ́rùn. Ó dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ká ṣì máa wò ó ná.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde. Quadri ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n ń fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kì í bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fọ ọṣẹ kúrò lórí ẹ̀, wọ́n rí èépá pupa rúsúrúsú láàárín irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

"Ìyàwó mi, bá mi mú àdín yẹn wá," wọ́n ní, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ yìí ti ń yọ èépá lórí."

Ìgò àdín bọ́ lọ́wọ́ Afusat. Àdín dà sílẹ̀, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Afusat ò bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan ìlẹ̀kùn. Màmá rò pé ojú tì í torí àdín ni. Wọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n nu ọmọ gbẹ, wọ́n nawọ́ ẹ̀ sí i.

"Gbà á, ebi ń pa á."

Afusat kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ jẹ́ kí Quadri ra mílíìkì inú agolo fún un."

"Ọmú ẹ ń dà sára aṣọ, o ní kí wọ́n lọ ra mílíìkì?"

Ọmọ figbe ta. Ìyá ọkọ àti ìyàwó ń wo ara wọn. Inú ti ń bí Màmá, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn wálẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ba Afusat lẹ́rù. Wọn ò pè é ní ìyàwó mi.

"Afusat, kí lọmọ yìí fi ṣe ọ́? Látọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wò ọ́. O ò gbé e mọ́ra lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé o ò fẹ́ ẹ ni, sọ fún mi, mi ò ní bá ọ jà. Màá gbé e lọ sí Ẹdẹ, màá tọ́ ọ. Ọmọ èèyàn ò lè máa dàgbà lórí ìrọ̀rí."

Afusat bú sẹ́kún. Ó fa gèlè tú, ó já fìlà òwú náà kúrò lórí, ó jù ú sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, Mà! Ẹ wo ohun tó wà lórí mi! Làpálàpá ni, mo sì ti kó o ràn án. Ta ló ní mi ò fẹ́ ẹ? Mo fẹ́ ẹ ju ẹ̀mí mi lọ. Ìdí tí mi ò fi gbé e mọ́ra nìyẹn!"

Màmá sún mọ́ ọn. Wọ́n rí orí náà, ó pọ́n, èépá lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, èékánná ti dá egbò sí i níbi tó ti ń họ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọmọ sí apá kan, wọ́n na ọwọ́ kejì, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín orí Afusat.

Afusat yẹra. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Mà, ó ń ràn!"

"Kó ràn mí ńbẹ̀. Ta ni mo tún fẹ́ fi irun ṣoge fún?" Wọ́n tún gbé ọwọ́ náà padà síbẹ̀. "Àsàbí. Ìwọ nìkan lo ń ru eléyìí kiri?"

Látìgbà tí ìyá Afusat ti kú, kò sẹ́ni tó fi oríkì pè é mọ́. Á jẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni Màmá ti béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí ẹ̀, tí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ sínú. Afusat ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ta tiẹ̀ ló sọ fún ọ pé làpálàpá ni?"

"Àǹtí Bọ̀sún ni, Mà."

"Wọ́n ṣeun. Gbogbo òkìrìkà yẹn, àṣé ìwé dókítà wà lábẹ́ ẹ̀." Wọ́n fi etí ìró nu ojú fún un. "Dìde. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Fún ọmọ lọ́mú ká lọ."

Kèké ni wọ́n wọ̀ lọ sílé ìwòsàn tí Mọ̀nsúrát ti máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Fúnláyọ̀ lorúkọ ẹ̀, mú Afusat lọ sídìí fèrèsé, ó ń la irun ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó wo orí ọmọ náà pẹ̀lú.

"Kì í ṣe làpálàpá, Ìyá Mọ̀nsúrát. Dáńdúrọ́ọ̀fù, ìyẹn èépá orí, tó le ni, kì í ràn. Èyí tó wà lórí ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń ní in. Kì í ṣe ara yín ló ti kó o. Á lọ fúnra ẹ̀."

"Kì í ràn?"

"Kì í ràn."

"Ẹ dákun, Nọ́ọ̀sì, ẹ tún un sọ."

Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Nígbà tí Afusat tún lanu láti béèrè, Màmá ní kí nọ́ọ̀sì kúkú gbohùn ẹ̀ sórí fóònù fún un. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì sọ orúkọ ṣáńpù olóògùn tó máa rà, ó ní kó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí kó tó ṣàn án, kó pa kẹrosíìnì àti ọsàn tì, tó bá sì ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lọ, kó padà wá. Ó ní ju gbogbo ẹ̀ lọ, kó má fi nǹkan kan bo irun tútù mọ́.

Màmá wúkọ́. "Òtútù ńkọ́?"

"Màmá, Èkó la wà. Òtútù tó wà níbí, inú fíríìjì ló wà."

 Nígbà tí wọ́n ń padà nínú kèké, Màmá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ wí: "Àṣé mo ti ń se orí ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ fìlà." Afusat di ọwọ́ wọn mú, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Màmá gbé àpótí síta sí bákónì, wọ́n ní kí Afusat jókòó sáàárín orúnkún wọn, kó tẹrí sórí abọ́. Wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i. Wọ́n fi ṣáńpù tí wọ́n rà bọ̀ ra á, orí ìka ni wọ́n lò, wọn ò jẹ́ kí èékánná kàn án. Ọwọ́ tó le yẹn náà ló wá rọ̀ báyìí! Bí wọ́n ṣe ń ra á ni wọ́n ń kì í, Àsàbí ọmọ dáadáa, Àsàbí ìyá ọmọ mi, bí wọ́n ṣe máa ń ki Mọ̀nsúrát nínú ìwẹ̀. Níbi tó ti ń yún Afusat láti oṣù mélòó kan wá, ó tutù wọ̀ ọ́ lára. Ojú ẹ̀ pa dé. Wọ́n ṣàn án, wọ́n nù ún, wọ́n tú irun náà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òkun lè ráyè sí i.

Ẹ má rò pé ó lọ lọ́jọ́ kan o. Ó ṣì yún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún yún un lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fọ̀ ọ́ léraléra kí èépá náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ lọ́sàn-án yẹn, bí irun ṣe ń gbẹ lọ́wọ́, Mọ̀nsúrát jí nínú yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Màmá ò dìde. Wọ́n ń fún aṣọ ìnura gbẹ, wọ́n ń fún un bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé.

Afusat wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò mú ìrọ̀rí. Ó gbé ọmọ ẹ̀ lé èjìká, ó sì jáde wá sínú afẹ́fẹ́. Ọrùn ẹ̀ kọ́kọ́ le, ó ti mọ́ ọn lára láti máa yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí àgbọ̀n ẹ̀ fi kan orí ọmọ náà. Ọmọ dákẹ́. Afusat dojú kọ orí kékeré náà, ó fà á símú, ó tún fà á símú.

"Màmá."

"Kí ló dé?"

"Ṣé báyìí ni orí ọmọ ṣe máa ń ta sánsán?"

Màmá kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sá aṣọ ìnura sí lórí okùn tó ṣófo. "Bẹ́ẹ̀ ni, Àsàbí," wọ́n ní. "Látọjọ́ tó o ti bí i."