Òkúta Tó Wọ Inú Ṣọ́ọ̀ṣì

"Ṣé sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ ká gbé Màmá yí po?"

Dympna ló béèrè, kò pariwo. Òun àti Cormac àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jókòó ní ilé ìdáná. Fadá Hegarty dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Àwọn tó wá ṣàìsùn òkú wà nínú yàrá, níbi tí pósí ìyá wọn wà.

Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń gbé òkú ìjọ wọn yí àgbélébùú òkúta tó wà láàárín itẹ́ òkú po kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n gbé bàbá wọn yí i. Wọ́n gbé Fintan náà yí i, àbúrò wọn tó kú kó tó mọ ìrìn, tí pósí rẹ̀ kò ju àpótí búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n hú òkúta náà, wọ́n gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì kí òjò má baà jẹ àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ tán, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kò ṣeé yí po mọ́. Àgbélébùú míì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀ níta. Cormac wà nínú ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i.

Fadá ní àdúrà kan náà lòun máa gbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?" Cormac bi í.

"Màmá mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀ ọ́ kí o má fọwọ́ sí i. O ní òjò ń jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́ta lòjò fi ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, o ò wá ibi gbé e sí. Òkúta lo ṣàánú."



Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Míísà, wọ́n gbé pósí jáde. Dympna àti Cormac ló gbé e níwájú. Cormac yà sọ́nà ibi tí sìmẹ́ǹtì wà. Dympna kò gbẹ́sẹ̀. Pósí fì díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn. Fadá sún mọ́ Dympna, ó rọra béèrè bóyá kí wọ́n kọjá síbi sàréè tààrà.

"Rárá, Fadá. Ṣọ́ọ̀ṣì la máa yí po. Inú rẹ̀ ni òkúta náà wà."

Cormac ní kò sẹ́ni tó ṣán ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹrẹ̀ ni, pé èsìsì ibẹ̀ ga dé ìbàdí.

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Cormac wo bàtà rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki ẹsẹ̀ bọ àárín èsìsì.