Ìwé Ojúlé Kẹtàdínlógún

Nígbà tí Àǹtí Olójú-Mẹ́rin, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fi ka ìwé ojúlé kẹtàlá tán, mo ti ń fojú ka àwọn ìwé tó kù níwájú rẹ̀. Ó ku ilé mẹ́ta kó kan ilé wa.

Iṣẹ́ wa ni kí á máa wọn ènìyàn. Ìjọba fẹ́ mọ iye tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè jẹ́ lówó: ọdún tí oníkálukú fi kàwé, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, ọdún tó kù tó lè fi ṣiṣẹ́ àti ohun tó lè rí nídìí rẹ̀. A ó ro gbogbo rẹ̀ papọ̀, á di iye kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìwé. Ẹnì kan á máa kà sókè, ẹnì kejì á máa kọ, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mò ń kọ.

Òfin tuntun kan ti wà lára ògiri láti ọjọ́ Ajé: ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí, òdo ni kí á kọ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wa tó bá sì gba òdo, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Èmi ò dé iléèwé rí láyé mi. Ìyá mi, aránṣọ, ló kọ́ mi nílé, Bíbélì lọ́wọ́ kan, téèpù ìwọnṣọ lọ́wọ́ kejì. Ọ̀gá gbà mí síṣẹ́ nítorí pé mo yanjú ìṣirò tó gbé síwájú mi. Kò bèèrè ìwé ẹ̀rí, èmi náà ò sì là á lóye. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí ọkùnrin tó ń kọ orúkọ kiri ojúlé dé ilé wa. Mo bi Màámi pé kí ló sọ fún un.

"Òótọ́ ni mo sọ. Àbí o fẹ́ kí n parọ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

"Ojúlé kẹrìndínlógún," ni Àǹtí wí. "Bàbá kan, ó ti fẹ̀yìn tì. Iye rẹ̀, òdo. Háà, bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Àádọ́rin ọdún láyé, wọn ò tó owó búrẹ́dì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín mi ń gbá ara wọn.

"Kí ló ṣe ọ́? Òtútù ń mú ọ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ máa kà."

Lọ́kàn mi, mò ń wí pé: Olúwa, jẹ́ kí iná lọ. Iná tí í lọ lójoojúmọ́, kò lọ.

"Ojúlé kẹtàdínlógún." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Kí lèyí? Ibi tí wọ́n ti bèèrè ọdún tí ọmọ fi lọ iléèwé, oríkì ni wọ́n kọ síbẹ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè:

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ tí kò fa aṣọ ya,
Ọmọ tó fi bọ́tìnnì kọ́ ìṣirò lórí tábìlì ẹ̀rọ,
Tó mọ ìsọdipúpọ̀ kó tó mọ ọ̀nà ọjà.
A ò rán an níléèwé, ó kàwé yó nílé."

Ó gùn dé ẹ̀yìn ìwé. Nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin tó ń kọ orúkọ kiri náà fi kún un pé: *Mo bi ìyá yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí n kọ ọ́ bí òun ṣe wí i.*

Àǹtí wo orúkọ tó wà lókè ìwé, ó wo ojú mi.

"Ìwọ rèé?"

"Èmi ni, mà."

"O ò lọ iléèwé? Ìwọ tí ò ń bá mi tún ìṣirò ṣe?"

Mo tẹjú mọ́ ìwé tí mò ń kọ. Àyè òfìfo ti ọdún ẹ̀kọ́ mi ń wò mí. Bí mo bá kọ méjìlá, irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ò parọ́ nítorí mi. Mo kọ òdo. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹyin tó ti sán.

Àǹtí ò fọwọ́ sí i. "Ẹjọ́ yìí ju tèmi lọ. Ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá."

Ọ̀gá ka oríkì náà lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Bí òdo yìí bá kúrò lọ́wọ́ mi, àga rẹ ti lọ nìyẹn. Bí mo bá sì pa á rẹ́, àga tèmi ló kàn." Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ti ìwé náà sínú rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Ẹ lọ ka ojúlé kejìdínlógún."

Lóṣù tó tẹ̀lé e, rédíò kéde iye tí gbogbo wa jẹ́. Ó gùn débi pé ẹni tó ń kà á mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é tán. Màámi dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Ṣé àwa náà wà níbẹ̀?"

"A wà níbẹ̀, Màámi."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn. Ènìyàn méjì, èmi àti òun, ni kò sí nínú iye náà, inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n wà. Màámi gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún Ọ̀gá, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí Ọ̀gá bá ti nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ yẹn, bírò mi a dúró lórí ìwé.