Iyán tí Mo Gún ní Ìkọ̀kọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe rí ní ọdún 1962, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo sanra, ẹnu mi gbòòrò, ìdí mi sì ń kún àga. Tí mo bá rẹ́rìn-ín nílé mi ní Erìjìyàn, àwọn tó ń já kòkó lókè odò á gbọ́. Ìyá Bọ́ládé ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ mi, Samson, máa ń sọ pé ẹnu mi nìkan tó ìyàwó mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí òun kò fi fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà Ọláńrewájú máa ń kọ́ àwa obìnrin ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ará Ìkòrò ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí a fi ń já kòkó. A ń ka a, b, d, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ni èmi ń bá lọ. Ó sọ fún wa nípa ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn tálákà ti wo ọba wọn lójú títí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fún ọba ní làákàyè ló fún àwọn náà, àti pé ẹni tó bá ní làákàyè kò yẹ kó ru ẹrù tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti kékeré ni mo ti ń ru ẹrù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo lè béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹrù kan sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwa obìnrin là ń ru òkúta, àwa là ń pọn omi tí wọ́n fi ń po yẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin inú ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní orí òkè lẹ́bàá kóòtù ni àwọn máa kọ́ ọ sí, kí àlejò lè máa rí i láti ojú títì. Èwo nínú wọn ló ti gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án gun òkè rí? A ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin kan jókòó pẹ̀lú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága wọn ní ó ti lé ní ọdún kan tí a gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó, òmìnira wo la tún ń wá.

Ni mo bá dìde ní kíláàsì. Mo ní kò sí obìnrin tó gbọdọ̀ gúnyán mọ́ ní Erìjìyàn títí wọn yóò fi fún wa ní àga kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkìtì, ẹ mọ ohun tí mo sọ. Ọkùnrin ibí lè fara da òjò, ó lè fara da oòrùn. Ṣùgbọ́n kó sùn láìjẹ iyán, ó máa rò pé àìsàn ló ń ṣe òun. Gbogbo wa fọwọ́ lé Bíbélì, a búra. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, Elizabeth oníyọ̀ sì di igbákejì mi.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ni mò ń rìn bí ẹni tó ń jó. Samson wo inú àwo, ó ní, “Uṣu sísè, ní ijọ́ kẹta?” Mo ní kó lọ bi ìgbìmọ̀. Ìlú pa rọ́rọ́. Ẹ ò mọ bí ìlú ṣe ń dákẹ́ tó tí a ò bá gbọ́ odó nírọ̀lẹ́.

Ohun tí n kò rò ni pé èmi náà ní ikùn. Ní ọjọ́ kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan wà lórí àdògán mi tí mo fi ẹran ọ̀yà sè. Ẹ̀bà kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ọbẹ̀ yẹn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: ọ̀sán gangan ni, àwọn èèyàn wà lóko. Mo ní làákàyè mi sọ fún mi pé iyán kékeré kan tí ọkùnrin kankan kò bá jẹ níbẹ̀ kò lè ba ìjà wa jẹ́. Ẹ wo bí làákàyè ṣe ń gbọ́ ti ikùn. Mo tẹ́ àpò kòkó mẹ́ta sábẹ́ odó kó má baà dún, mo sì ń gún un díẹ̀díẹ̀ bí olè tó ń já ilẹ̀kùn. Aṣọ ìdí mi tú, mi ò dúró so ó. Ìyá ńlá bí èmi, ìhòòhò nílé ìdáná, ọmọ odó lọ́wọ́. Ká ní ọba Faransé rí mi ni, ẹ̀rín ni ì bá pa á, ẹnikẹ́ni kì bá ti yọ idà.

Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ó dùn. Ìtìjú rẹ̀ gan-an ni pé ó dùn.

Ṣé àpò kòkó lè pa ohùn odó? Elizabeth ń ti odò bọ̀, ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ilé tó ti wá, torí ẹ̀yìnkùlé mi àti ti Ọdúnayọ̀ kan ara wọn. Ọdúnayọ̀ ni ìyàwó tí Samuel, aládùúgbò wa, gbé láti Ìdó-Ilé. Kò tíì pé ọdún kan láàárín wa, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Kí Elizabeth tó kó èrò dé, mo ti yí odó mi wọ yàrá, mo ti da aṣọ bò ó. Ta ni yóò tiẹ̀ yẹ ilé olórí wò? Odó Ọdúnayọ̀ ni wọ́n bá ní tútù.

Ní ìrọ̀lẹ́, a pé jọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo jókòó sórí àga tíṣà. Ọdúnayọ̀ ní omi lòun dà sínú odó òun kó má baà là, nítorí odó tó bá gbẹ jù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń là. Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo rí i tí ojú wọn ń rọ̀, ẹ̀rù sì bà mí: tí kì í bá ṣe òun, wọn yóò máa wá ẹlòmíràn kiri. Ni mo bá gbé ohùn sókè.

“Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè yẹ̀ ẹ́ wò. Elizabeth gbọ́ odó. Ilé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ilé ẹni tó dá ìjà yìí sílẹ̀. Ṣé ẹni tó kọ́lé ló máa tiná bọ̀ ọ́? Ó wá ku ilé ta ni?”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà nawọ́ bí ọmọ iléèwé, ó ní òun kò tíì sọ apá kejì ìtàn Faransé fún wa, ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí lẹ́yìn tí wọ́n pa ọba tán. Mo ní kó fi di ọjọ́ Ìsinmi. Ọdúnayọ̀ kò wo ojú mi. Ó kàn ń wo apá mi. A dá a lẹ́jọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá a gbé omi rù.

Ní ọjọ́ kejì mo rí i lódò. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dá gbé ìkòkò rẹ̀ sórí. Mo kọjú síbòmíràn. Èmi tí mò ń bá ìlú jà torí aboyún.

Ọjọ́ kẹfà, àwọn ọkùnrin juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún wa ní àga kan, àwọn obìnrin sì ní èmi ni kí n lọ jókòó síbẹ̀. Odó ń dún láti ilé dé ilé nígbà tí Ọdúnayọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti oyún.

“Ẹ kú oríire, Ìyá Bọ́ládé. Iyán wà ní ìgbọ̀nwọ́ yín lọ́jọ́ ìpàdé.”

Mo wo ìgbọ̀nwọ́ mi bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní tí òun bá sọ, àwọn ọkùnrin yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà, a ò ní rí àga gbà, ilé ìgbẹ̀bí yóò sì wà lórí òkè.

“Mo rò pé ẹ̀yin fúnra yín ló máa sọ ọ́,” ó ní, ó sì dìde, ó lọ.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo fi ń bọ́ nínú gbogbo nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn, kò wá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí Tíṣà tó ṣíwèé, mo dìde, mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iyán, ọ̀yà, àpò kòkó, ìhòòhò. Mo rò pé wọ́n máa lù mí. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Elizabeth rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní olórí ni mí lóòótọ́, olórí àwọn alájẹkì. Mo ní kí wọ́n gba àga náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé e fún òun. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti dárí jì mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Iyán tí mo jẹ ni wọ́n dárí rẹ̀ jì mí. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹjọ́ tí a dá, nítorí gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́.

A ránṣẹ́ sí Ọdúnayọ̀ pé kó padà sí kíláàsì. Ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí kò wá, mo lọ sílé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Ó fà mí dìde, ó bu omi fún mi mu, ó béèrè àlàáfíà Samson. Kò wá ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kò wá ní èkejì.

Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sísàlẹ̀, sí ibi tí a fẹ́. Ọmọ mẹ́rin ni Ọdúnayọ̀ bí lẹ́yìn àkọ́bí rẹ̀. Tí oṣù rẹ̀ bá ti pé, á di ẹrù, á gba iwájú ilé mi kọjá, á lọ bí i sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìdó-Ilé. Ó sì máa ń kí mi dáadáa.