Egbò Tó Ń Gun Apá

"Ẹja wo láyé yìí ló lè ṣe mí ní nǹkan? Èmi tí mò ń fọwọ́ lásán gbá ẹja létí!"

Ẹnu Ọ̀gá-Omi nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sí ní yàrá àlejò àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Òun a ní àwọn tó ń bẹ̀rù ata ló ni ìbọ̀wọ́.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà níkùn rẹ̀. Nígbà tí tirẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí ló dùbúlẹ̀ tó ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tòun fún un. Látìgbà náà ló ti ń lo oògùn tó ń sé àwọn ọmọ ogun inú ara mọ́lé, kí wọ́n má baà lé kíndìnrín àlejò náà jáde. Ilé tí wọ́n ti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ mọ́lé, ta ni yóò lé olè níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi mú un búra pé kò ní tọwọ́ bọ omi ẹja mọ́. Ó búra. Ara rẹ̀ yá tán, ó padà sídìí omi.

Lọ́jọ́ kan, etí gíláàsì tó ti sán ha á níka. Kékeré báyìí. Bí ẹja bá dégbò, àpótí àwọn aláìsàn ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti da oògùn aláwọ̀ aró sómi. Ọ̀gá-Omi rò ó pé ohun tó ń wo ẹja sàn kò ní ṣàì wo ènìyàn sàn. Bó ṣe ń tọwọ́ bọ àárín àwọn ẹja aláìsàn nìyẹn, ojoojúmọ́, tó ń súfèé.

Ìka wú. Kókó kan yọ lẹ́yìn ọwọ́, òmíràn yọ lọ́rùn ọwọ́, òmíràn tún yọ lápá, wọ́n tò tẹ̀léra bí èèrà tó gbóòórùn ṣúgà. Kò dùn ún. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Kó tó lajú láàárọ̀, á ti máa fọwọ́ kejì tọ́ apá náà wò, kó lè mọ ibi tí nǹkan ọ̀hún sùn sí.

Ní ọsibítù, dókítà ti fún un ní oògùn títí, kókó ò gbọ́. Lọ́jọ́ yìí, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ní láàbù ti wá bu ẹran díẹ̀ lára egbò náà sínú ìgò.

"Bó bá kọjá ìgbọ̀nwọ́, ọ̀rọ̀ gígé la máa sọ," ni dókítà wí. "Bí a bá sì dín oògùn tó ń sé ọmọ ogun ara mọ́lé kù kí ara lè jà, kíndìnrín lè lọ."

Ọ̀gá-Omi fa apá náà mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sìn ín wá.

"Iṣẹ́ wo tiẹ̀ lẹ ń ṣe, sà?" ni obìnrin láàbù bi í.

Ẹ̀gbọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bàtà ló ń tà! Àbúrò mi? Látọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kò mọ ẹja mọ́ àfi èyí tó bá wà lábọ́. Ó búra fún mi!"

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó wo apá. Ká gé apá ni, àbí ká gbọ́ èébú? Ó kù díẹ̀ kó mú gígé! Àfìgbà tí dókítà fi báírò fa ìlà yí òkè ìgbọ̀nwọ́ ká, bíi téèlọ̀ tó fẹ́ ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ.

"Ẹja ni o!" Igbe náà dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì níta. "Mi ò fi ẹja sílẹ̀! Inú omi àwọn tó ń ṣàìsàn ni mò ń tọwọ́ bọ̀!"

"Kíndìnrín mi!" Ẹ̀gbọ́n ti dìde. "Dókítà, ẹ yọ ọ́ fún mi! Báyìí báyìí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń lò ó."

Dókítà fò sókè. "Omi ẹja! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ? Kòkòrò kan wà níbẹ̀, ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ife ni. Ẹni tára rẹ̀ kò lè jà ló máa ń yọ lẹ́nu jù. Bó bá jẹ́ òun ni, ó ní oògùn tirẹ̀, apá yìí lè má lọ síbì kankan!"

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó dúpẹ́; ó dìde, ó gbá àbúrò rẹ̀ létí; ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá-Omi ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Dókítà náà ń pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Obìnrin láàbù fi ọmọrí dé ìgò rẹ̀.

"A ò tíì mọ nǹkan kan o," ló wí. "A ní láti gbin ohun tó wà nínú ìgò yìí ní láàbù ká tó rí kòkòrò yẹn, kì í sì í tètè hù. Ó di oṣù tó ń bọ̀."